Ọkọ̀ asáré tó ti rìn jìnnà: kí ẹ rà á ni, àbí kí ẹ fi í sílẹ̀? Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ní Ògbómọ̀ṣọ́

Iṣẹ́ mi ni kí n fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú ọ̀nà tó jáde sí Ìlọrin, àwọn tó mọ̀ mí sì ń pè mí ní Bọ̀dá Sìkánà. Nígbà kan, ọ̀rọ̀ Camry Big Daddy àti Corolla ló ń gbé èèyàn wá sọ́dọ̀ mi. Ní báyìí, àwọn ọ̀dọ́ tí owó díẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́, àti àwọn àgbà tó ti ń fojú sun BMW láti ìgbà tí wọ́n wà ní ilé ìwé, wọ́n á fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp lóru: "Bọ̀dá, ẹ wo eléyìí. Owó ẹ̀ ò pọ̀, máìlì ẹ̀ nìkan ló ga. Ṣé kí n sanwó?" Mo ti dáhùn títí, ẹnu ń ro mí. Ẹ jẹ́ kí n kó gbogbo rẹ̀ síbì kan.

Irú ọkọ̀ wo gan-an lẹ ń pè ní ọkọ̀ asáré?

Ọkọ̀ tí àwọn tó ṣe é dìídì fún ní ẹ́ńjìnnì, bírékì àti ẹsẹ̀ tó ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. BMW 335i, M3, M5, Mercedes tí AMG, ẹ̀ka Mercedes tó ń ṣe ọkọ̀ asáré, fọwọ́ kàn, Golf GTI, kódà Honda Accord V6 onílẹ̀kùn méjì wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n kàn lẹ àmì mọ́ nídìí kò sí níbẹ̀. Àmì M, ìyẹn ti ẹ̀ka asáré BMW, àti ti AMG, wọ́n ń tà á ní Ládípọ̀ bí ẹni ń ta bọ́tìnnì. Tó bá jẹ́ BMW, nọ́ńbà ṣásì ni kí ẹ kà: ojúlówó M3 tàbí M5 láti Jámánì, WBS ni nọ́ńbà rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí WBA lára ohun tí wọ́n pè ní M3, BMW ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe M3, ẹ má sì san owó M3 lé e lórí.

Máìlì mélòó ló ti pọ̀ jù?

Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n: ṣé máìlì ni àbí kílómítà? Ọkọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, máìlì ni. 160,000 tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 257,000 kílómítà. Ọkọ̀ láti Kánádà, kílómítà ni. 160,000 tirẹ̀ kò pé 100,000 máìlì. Mo ti rí ẹni tó sá fún ọkọ̀ Kánádà tó dáa nítorí nọ́ńbà yìí, tó wá lọ ra ti Amẹ́ríkà tó fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ rìn jù ú lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nọ́ńbà kan tí mo lè dá fún yín. Corolla tó ti rin 200,000 máìlì, bí ẹni ń lọ sọ́jà ló ṣe rìn ín. M3 tó rin 120,000, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé eré ni wọ́n fi sá ìdajì rẹ̀. Ooru àti eré ló ń pa ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ yìí. Ọkọ̀ tó rin 170,000 lójú ọ̀nà gbọọrọ, tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ọ̀lì rẹ̀ lásìkò, tí ìwé rẹ̀ sì wà, mo fẹ́ ẹ ju èyí tó rin 80,000 tó wá jókòó sínú ọgbà fún ọdún mẹ́ta lọ. Ọkọ̀ tó jókòó, rọ́bà rẹ̀ á gbẹ, epo inú táǹkì rẹ̀ á dà bí oje igi, táyà rẹ̀ á sán. Ẹni tó lò ó àti ohun tó fún un jẹ ni mò ń wá kí n tó wo nọ́ńbà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bí wọ́n bá ti dá máìlì rẹ̀ padà?

Ojú lásán ni ẹ ó kọ́kọ́ fi wò ó. Rọ́bà tó wà lórí bírékì ẹsẹ̀ tó ti jẹ dé irin, awọ sítíárìn tó ń dán yinrin, ẹ̀gbẹ́ ìjókòó awakọ̀ tó ti bó níbi tí ìdí ń gbà wọlé: ọkọ̀ tó rin 60,000 máìlì kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí àwọn tó ń dá máìlì padà sábà máa ń gbàgbé ni pé BMW kì í kọ ọ́ síbì kan ṣoṣo. Àwọn BMW 3 Series tó jáde láti nǹkan bí 1999 sí 2005, tí à ń pè ní E46, kọ ọ́ sínú dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n tún kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà tó ń darí iná. Bí méjèèjì kò bá bára mu, àmì tóńtó kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà máìlì. Àwọn tó tẹ̀lé e, E90, kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú. Mo máa ń ka ibi méjèèjì. Ó ṣẹlẹ̀ rí pé dáṣíbọ́ọ̀dù ní 74,000, kọ́kọ́rọ́ ní 181,000. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ náà wò mí bí ẹni tó rí àlùjọ̀nnú.

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ fi nọ́ńbà ṣásì rẹ̀, ẹyọ 17, ra ìtàn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi ti Carfax. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọkọ̀. Á sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe sáfíìsì, iye máìlì tó wà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àti bóyá ó ti ní jàǹbá rí. Ẹyọ kẹwàá nínú 17 yẹn ló ń sọ ọdún: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010. Bí ẹni tó ń tà á bá ní 2010 ni, tí ẹ sì rí 7, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Èwo ló dáa jù nínú wọn?

Kò sí èyí tí kò ní àrùn tirẹ̀. Kí ẹ mọ orúkọ àrùn náà kí ẹ tó sanwó ni ọgbọ́n.

BMW 335i tó kọ́kọ́ jáde, ẹ́ńjìnnì N54, lítà mẹ́ta, túbò méjì, agbára ẹṣin 300. Ó dùn ún wà! Pọ́ǹpù epo rẹ̀, ìyẹn èyí tó ń fi agbára ti epo sínú ẹ́ńjìnnì, ló lókìkí jù nínú àrùn rẹ̀. BMW fúnra rẹ̀ fa àtìlẹyìn rẹ̀ gùn dé ọdún 10 tàbí 120,000 máìlì ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni injector, túbò tó ń mì ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì tó ń jo ọ́ọ̀lì nídìí ilé fílítà, àti water pump tó ń fi iná ṣiṣẹ́, tí kì í kìlọ̀ fúnni kó tó kú. Ẹ bi wọ́n pé èwo ni wọ́n ti pààrọ̀. Bí wọ́n bá ní "kò sí wàhálà kankan lára ẹ̀ rí," a jẹ́ pé ẹ̀yin ni gbogbo wàhálà náà ń dúró dè.

M3 ọdún 2008 sí 2013, V8 lítà mẹ́rin, agbára ẹṣin 414. Ẹ́ńjìnnì yìí ń kọrin dé ìyípo 8,400 ní ìṣẹ́jú kan kó tó mí. Bẹ́ríìnì kọ́nrọ́ọ̀dù rẹ̀ ló ń jẹ. Àrùn kan náà ń ṣe M3 tó ṣáájú rẹ̀ àti M5 onísílíńdà mẹ́wàá. Kì í dún kó tó bàjẹ́. Ọjọ́ tó bá dún, ó ti nọ́ọ̀kì nìyẹn, ẹ sì ti di ẹni tó ń wá ẹ́ńjìnnì kiri. Àwọn tó gbọ́n ti pààrọ̀ bẹ́ríìnì yẹn sílẹ̀ ṣáájú. Tí kò bá sí ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti ṣe é, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó ọkọ̀.

Mercedes C63 AMG, V8 lítà 6.2, agbára ẹṣin 451. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde, bóòtù tó di orí ẹ́ńjìnnì mú lè já, omi á sì wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀.

Golf GTI ọdún 2006 sí 2008: kọ́ọ̀bù irin kékeré kan wà láàárín kamṣáfù àti pọ́ǹpù epo. Owó rẹ̀ ò ju owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ kó jẹ tán, á jẹ kamṣáfù mọ́ ọn. Ẹ ní kí wọ́n tú u kí ẹ fojú rí i; iṣẹ́ wákàtí kan ni.

Accord V6 ọdún 2003 sí 2005, agbára ẹṣin 240. Kò ní orúkọ ńlá, ṣùgbọ́n òun ni mo máa ń tọ́ka sí fún ẹni tó fẹ́ eré tí kò fẹ́ ẹjọ́. Mẹkáníìkì tó mọ "End of Discussion", bí a ṣe ń pe Accord yìí, pọ̀ níbí ju èyí tó mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Kí ẹ ṣáà bèèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì tíámìnì: 105,000 máìlì tàbí ọdún méje ni Honda ní kó má kọjá. Bó bá já lórí eré, fáàfù á kọ lu písítìnì.

Mo débẹ̀, ó sì sítáàtì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ló tún kù?

Ṣé ó tutù kí ẹ tó sítáàtì rẹ̀?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti oníbàárà mi kan lọ wo 335i ní Ìlọrin. A ti sọ fún wọn pé aago mẹ́jọ la máa dé. Nígbà tá a wọlé, ọkọ̀ náà ti wà níwájú, ó mọ́ fefe. Oníbàárà mi ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú rẹ̀ ti rà á. Èmi wo àwọn ọkọ̀ yòókù nínú ọgbà náà. Ìrì bo bónẹ́ẹ̀tì gbogbo wọn, ẹ lè fìka kọ orúkọ yín sí i. Tirẹ̀ nìkan ló gbẹ. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n ti sítáàtì rẹ̀ láti ìdájí.

Mi ò bá wọn jà. Mo ní ebi ń pa wá, a sì lọ jẹun. Àwa tá a máa ń jẹ ọkà ká tó mu ẹ̀kọ yangan, ẹ mọ̀ pé oúnjẹ wa kì í tán bọ̀rọ̀. A padà débẹ̀ nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀, a sì ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Kọ́kọ́rọ́ yí, ẹ́ńjìnnì ń yí, ó ń yí, ó ń yí, mo ti ka nǹkan bí mẹ́wàá kó tó mú, ó sì tu èéfín dúdú kan pẹ̀ẹ́. Pọ́ǹpù epo. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tà á ní àárẹ̀ ìrìn àjò ló ń ṣe ọkọ̀ náà.

Nítorí náà, ẹ lọ bá a nígbà tó tutù. Bó bá ti mú, ẹ dúró sídìí sáìléńsà: èéfín tó rí bí aró, ọ́ọ̀lì ló ń jó, funfun tó nípọn tí kò lọ, omi ni, dúdú, epo ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, ẹ wà á tó ogún kílómítà ó kéré tán, kí ẹ tan AC, kí ẹ wá gbé e dúró sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Tàkíẹ́ lọ́sàn-án gangan. Ọkọ̀ tó bá máa gbóná á gbóná níbẹ̀.

Kí ẹ sì fi sìkánà sí i kí ẹ tó wà á, kí ẹ tún fi sí i lẹ́yìn náà. Àwọn kan máa ń pa gbogbo kóòdù tó ń sọ àrùn ọkọ̀ rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pa á rẹ́, àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ń ṣe fún ara rẹ̀ á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, sìkánà á sì sọ pé wọn ò tíì parí. Ọkọ̀ tí iná kankan ò tàn lójú rẹ̀, tí àyẹ̀wò mẹ́rin márùn-ún ò sì tíì parí nínú rẹ̀, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ẹnu rẹ̀ ni.

Mẹkáníìkì tó ń tún Camry mi ṣe ni mo fẹ́ mú lọ. Ṣé ó tó?

Kò tó. Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́. Mo ti rí ọ̀gá mẹkáníìkì tó fi ogún ìṣẹ́jú wá gééjì ọ́ọ̀lì lára 335i, tó ń bú àwọn tó jí i yọ. Ọkọ̀ náà kò ní gééjì ọ́ọ̀lì láti ilé iṣẹ́. Inú dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ ti ń wo ìwọ̀n rẹ̀. Kí ẹ tó ra ọkọ̀, ẹ ti mọ ẹni tó máa tún un ṣe, kí ẹ mọ ìlú tó wà, kí ẹ sì mọ iye tí wọ́n á fi fà á débẹ̀ tó bá kú. Fún púpọ̀ nínú àwọn M àti AMG, Ìbàdàn tàbí Èkó ni ìdáhùn náà.

Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ ti rà á rí?

Mo rà á. BMW 330i ọdún 2003, 174,000 máìlì ló wà lójú rẹ̀, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi fi rédíétọ̀ tuntun hàn mí, inú mi sì dùn. Mo gbàgbé pé rédíétọ̀ nìkan kọ́ ni omi ń gbà: táǹkì omi oníke, páìpù oníke, water pump. Ike inú ọkọ̀ yẹn, bó bá ti dàgbà, bí àkàrà gbígbẹ ló ń fọ́.

Oṣù keje tí mo rà á, mò ń ti Ìbàdàn bọ̀, mo ti kọjá Ọ̀yọ́, mo ń sún mọ́ Odò-Ọbà. Ọwọ́ gééjì ooru dúró ní àárín gbọnrangandan. Èmi tí mò ń fi ìyẹn ṣiṣẹ́ jẹ, mo mọ̀ pé wọ́n ṣe ọwọ́ yẹn kó má kúrò ní àárín, láti nǹkan bí 75 títí dé 115 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ọkàn awakọ̀ lè balẹ̀. Tó bá fi máa ṣí, ó ti pẹ́. Àmọ́ orin ń lọ, mo ń gbádùn ara mi. Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ó ń dùn bíi ṣúgà tó jóná. Mo wò ó, ọwọ́ gééjì fò lọ sínú pupa lẹ́ẹ̀kan. Mo pa á lójú ẹsẹ̀, mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì, táǹkì omi ti là láti òkè dé ilẹ̀.

Orí ẹ́ńjìnnì ti tẹ̀. Wọ́n tú top rẹ̀, wọ́n gbé e lọ fá ní Ìbàdàn, a pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì àti gbogbo ike tí mo kà yẹn. Owó tó bá a lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta owó tí mo fi ra ọkọ̀. Ká ní mo ti pààrọ̀ ike náà ní ọ̀sẹ̀ tí mo rà á, kì bá tó ìdá mẹ́wàá ìyẹn. Ọkọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti so gééjì mìíràn mọ́ ọn tó ń sọ òótọ́.

Èló ló yẹ kí n ní lọ́wọ́?

Ẹ pín owó yín sọ́nà mẹ́ta. Ẹ fi méjì ra ọkọ̀; ẹ má fọwọ́ kan ìkẹta. Bó bá jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́sàn-án lẹ ní, ọkọ̀ mílíọ̀nù mẹ́fà lẹ ń wá, kì í ṣe ti mẹ́sàn-án. Mo mọ̀ pé ó dùn yín.

Ohun tó ń ta àwọn èèyàn lófò nìyí: bí ọkọ̀ bá ṣe ń dàgbà, owó rẹ̀ ń wálẹ̀, ṣùgbọ́n pààtì kò mọ̀ pé ọkọ̀ ti dàgbà. M3 yẹn lé ní 50,000 dọ́là nígbà tó jẹ́ tuntun. Bírékì rẹ̀, ṣọ́kì rẹ̀, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, owó ọkọ̀ 50,000 dọ́là ni wọ́n ṣì ń pè é, dọ́là náà ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀ fún wa. Ẹ lè ra ọkọ̀ náà ní owó Camry. Ẹ ò lè tún un ṣe ní owó Camry.

Ọdún àkọ́kọ́ ló ń jẹ ìdá kẹta náà: gbogbo ọ́ọ̀lì, títí kan ti gíà tí wọ́n á sọ fún yín pé kì í pààrọ̀, plọ́ọ̀gì, kọ́ìlì, water pump àti thermostat, bírékì, búúṣì abẹ́ ọkọ̀, táyà mẹ́rin. Pààtì Belgium láti Àráròmí ní Gate, Ìbàdàn, dáa fún ilẹ̀kùn, iná, báḿpà àti ìjókòó. Ẹ má ra bẹ́ríìnì, pọ́ǹpù tàbí sẹ́ńsọ̀ Belgium. Òkú ẹlòmíì lẹ ń rà yẹn.

Ọ́ọ̀lì àti epo bẹntiróòlù rẹ̀ ńkọ́?

20W-50 tó nípọn bí oyin, tí wọ́n ń bu sínú gbogbo ọkọ̀ ní ìlú yìí, ẹ má jẹ́ kó débẹ̀. N54 ń fẹ́ 0W-30 tàbí 5W-30 tí wọ́n kọ LL-01 sára kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì àwọn M3 àti M5 tí mo dárúkọ, 10W-60 ni. BMW ní 335i lè rin nǹkan bí 15,000 máìlì kó tó pààrọ̀ ọ́ọ̀lì. Nínú ooru wa, pẹ̀lú eruku wa àti máìlì tó ti wà lójú rẹ̀, 5,000 kílómítà ni tèmi, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí.

Ní ti bẹntiróòlù, ìwé M3 ń bèèrè octane 98, ìyẹn ìwọ̀n bí epo ṣe lè yẹra fún nọ́ọ̀kì tó, ó ní 95 ni kó má wálẹ̀ jù. Ilé epo wa kì í bi yín ní èwo lẹ fẹ́. Ẹ́ńjìnnì náà á gbọ́ pé epo ò tó òun, á fà sẹ́yìn kó má baà pa ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni díẹ̀ nínú ẹṣin tí ẹ sanwó fún kò ní jáde láti ilé ẹṣin. Iye rẹ̀ ńkọ́? Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà lọ sí nǹkan bí 500, ó sì ti kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa lẹ́yìn náà. V8 kò mọ ìyẹn.

Ṣé ó lè gba ojú ọ̀nà wa?

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìlọrin, ẹ ó gbádùn rẹ̀. Ọ̀nà àtijọ́ tó lọ sí Ọ̀yọ́, tí àwọn tírélà ti jẹ, ìyẹn lọ̀tọ̀. Táyà ẹ̀yìn 335i tó ní ríìmù 18, láti ilẹ̀ dé ríìmù kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án lọ. Kòtò tí Corolla á kàn kí, ríìmù yín á fi orí gbá a. Ọ̀pọ̀ BMW wọ̀nyí ló wá pẹ̀lú táyà run-flat, èyí tó ṣì lè rìn díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá jáde, kò sì sí táyà àpọ̀jù nínú bùùtù. Fọkanáísà ojú ọ̀nà á gbé irin rẹ̀ sí i, á làágùn, kò ní ṣí. Èmi ti yọ run-flat kúrò, mo fi táyà lásán sí i, mo ra àpọ̀jù sínú bùùtù. Kí ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT lára táyà náà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tó ju ọdún mẹ́fà lọ, mi ò ní fi í sáré.

Manual àbí automatic?

Èyí tí ẹ bá rí tó dáa. Bó bá jẹ́ SMG, gíà oníkọ̀ǹpútà inú M3 àti M5 àtijọ́, ẹ sá.

Tòkunbọ̀ sàn jù, àbí èyí tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà?

Èrò mi lè má tẹ́ àwọn dílà lọ́rùn. Tòkunbọ̀ asáré tó dé síbí, ẹ bi ara yín pé kí ló dé tí àwọn tó mọ iyì rẹ̀ lọ́hùn-ún kò fi rà á. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti ní jàǹbá, tàbí tí omi ti bò. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí rẹ̀: bí omi bá ti wọ ọkọ̀ náà rí, ẹ ó rí ìlà ẹrẹ̀ níbi tó gbẹ dé. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ wo ìpata lẹ́sẹ̀ ìjókòó. Èyí tí ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ lò fún ọdún mẹ́ta ní Nàìjíríà, tó ní rìsíìtì, tí mo lè bá mẹkáníìkì rẹ̀ sọ̀rọ̀, mo fẹ́ ẹ jù.

Ìwé rẹ̀ ńkọ́?

Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ni àkọ́kọ́. Láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, nítorí náà èyí tó gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé lẹ́yìn ìgbà náà lè di ti ìjọba lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà. Kí nọ́ńbà ṣásì tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, èyí tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn àti èyí tó wà nínú ìwé jẹ́ ọ̀kan náà.

Ìyàwó mi ní bí mo bá ra BMW tó ti rin 150,000 máìlì, òun ò ní bá mi wọ̀ ọ́ lọ sí òde kankan. Kí ni kí n sọ?

Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ má ta Corolla yín. Tí Corolla bá wà nílé tó lè gbé ọmọ lọ ọsibítù lóru, ọkọ̀ asáré á wà láyè rẹ̀, á sì lè dúró lọ́dọ̀ mẹkáníìkì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí ìjà. Ẹni tí kò lè ní méjì, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó dúró ná.

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ra C63 fún mi, 140,000 máìlì. Ṣé kí n gbà á?

Àbúrò mi, kí ẹ̀gbọ́n rẹ pẹ́ fún wa. Sọ fún un pé kó ra Accord V6, kó fi ìyókù owó náà sí báńkì fún ọ́. Bí ó bá kọ̀, bi í pé ta ló máa san owó táyà ẹ̀yìn méjì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí o wá padà wá sọ ohun tó wí fún mi.

Bọ̀dá, ṣé ẹ lè bá mi lọ wò ó?

Mo máa ń lọ. Sátidé ló rọrùn fún mi. Owó epo lọ bọ̀, owó àyẹ̀wò, àti àmàlà tí ẹran rẹ̀ tó jẹ. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé ọ̀sán la ń bọ̀. Aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀ la máa kanlẹ̀kùn.